Ẹ Bá Mi Po Oògùn Ọ̀fìnkìn

Ládùúgbò tí mo dàgbà sí, èèyàn kì í ra oògùn ọ̀fìnkìn. Wọ́n máa ń ní kí wọ́n bá àwọn pò ó ni. Oníbàárà á dúró níwájú káńtà, á fa ikun imú padà sókè, á ní, "Ẹ bá mi po ti ọ̀fìnkìn, kẹ́ ẹ fi ti ara ríro sí i." Ìbéèrè kan ṣoṣo tí olóògùn máa bi í ni pé, ti èló? Owó péréte ò lè kọjá Panadol àti Piriton. Owó tó nípọn díẹ̀ á fi Ampiclox méjì tàbí mẹ́ta lé e. Bí Ampiclox bá sì ti wọ inú ọ̀rá yẹn, ọkàn oníbàárà á balẹ̀ pé òun ti rí ìtọ́jú gidi gbà.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí pé àbúrò ìyá mi ló ni ọ̀kan nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn, lójú ọ̀nà kan tó já sí Mọ́kọ́lá. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tí a bá ti jáde níléèwé. Àǹtí mi kì í fọwọ́ kan oògùn. Ọ̀bẹ tábìlì kan tí ẹnu rẹ̀ ti kú ni wọ́n fi ń kà á lórí àwo ike, méjì-méjì, wọ́n á wá gbá a sínú ọ̀rá pélébé, wọ́n á fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu ọ̀rá náà pa. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan kò fi kúrò lọ́kàn mi.

Obìnrin kan pọn ọmọ wọlé lọ́sàn-án gangan. Imú ọmọ náà ń ṣàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó sì ń wo gbogbo ilé kiri.

"Ẹ káàsán, mà. Ọmọ yìí ni o. Ọ̀fìnkìn ò jẹ́ ká sùn mọ́jú."

"Ẹ kú ìtọ́jú. Ṣé ó ń mu ọyàn?"

"Ó ń mu ún, mà. Àní ó ń já a jẹ."

"Ṣé kì í mí gúlegúle? Ṣé àyà rẹ̀ kì í wọnú tó bá ń mí?"

"Rárá o, mà."

Àǹtí mi gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọrùn ọmọ náà. "Ara rẹ̀ ò gbóná. Ẹ máa fún un lọ́yàn dáadáa, kẹ́ ẹ máa nu imú rẹ̀ kó lè rí i mu. Bẹ́ ẹ bá rí i pé kò mí dáadáa, tàbí pé ó kọ ọyàn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Kò nílò oògùn kankan lọ́wọ́ mi."

Obìnrin náà wo àwọn ìgò tó tò sẹ́yìn Àǹtí mi, ó wá wo Àǹtí mi bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan dù. Ó dúpẹ́, ó sì jáde. Ọwọ́ ọ̀tún ló yà sí, níbi tí kẹ́mísìtì kejì wà. Nígbà tó máa kọjá padà, ọ̀rá dúdú ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí ìgò Ampiclox ọmọdé sì yọ níbẹ̀.

Àǹtí mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó yá, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún ẹni tó bá ti béèrè. "Bí mi ò bá tà á fún wọn," wọ́n ní, "ẹni tí ò mọ nǹkan kan ló máa tà á fún wọn, kò sì ní bi wọ́n bóyá ọmọ ń mí." Ọ̀rọ̀ náà le láti já ní koro. Ọjà ni ọjà ń jẹ́, ohun tí oníbàárà bá sì ń wá ni ọlọ́jà ń gbé síta.

Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn. Bakitéríà ni Ampiclox ń pa. Ibẹ̀ ni oògùn náà ti ṣìnà.

Inú ìdílé pẹnisílíìnì ni oògùn méjèèjì tí wọ́n pò di Ampiclox ti wá, iṣẹ́ tí ìdílé yìí sì mọ̀ ọ́n ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: kì í jẹ́ kí bakitéríà rí ògiri ara rẹ̀ mọ. Ohun ẹlẹ́mìí tó dá dúró ni bakitéríà. Ó ń jẹun, ó ń da ẹ̀gbin nù, ó sì ń pín ara rẹ̀ sí méjì. Àwọn kan ń pín bẹ́ẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú péré bí oúnjẹ àti ooru bá bá wọn lára mu. Bí ògiri tó yí i ká kò bá dúró dáadáa nígbà tó ń pín, omi á ya wọ inú rẹ̀, á sì bẹ́. Fáírọ́ọ̀sì kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀. Kì í jẹ, kì í mu, kì í mí, kò sì lè bí irú ara rẹ̀ láìrí ilé onílé wọ̀. Ó dà bí ẹni tó mú pátánì aṣọ tirẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lóru, tó wá fipá mú télọ̀ náà láti máa rán aṣọ yẹn nìkan ṣoṣo, pẹ̀lú ẹ̀rọ télọ̀, òwú télọ̀ àti iná télọ̀, títí ṣọ́ọ̀bù fi dàrú. Sẹ́ẹ̀lì ara wa ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún. Ampiclox á dé ibẹ̀, á wá ògiri bakitéríà tì.

Tó bá tó bí ọjọ́ mélòó kan, ọ̀fìnkìn á lọ. Ara ló fúnra rẹ̀ lé e jáde. Ampiclox la máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì júwe rẹ̀ fún aládùúgbò.

Oògùn tó ń kojú fáírọ́ọ̀sì wà o, kí n má parọ́. Oògùn àrùn kògbóògùn ti sọ ohun tó jẹ́ ìdájọ́ ikú di ohun tí èèyàn ń bá gbé títí dọjọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n oògùn fáírọ́ọ̀sì kan kì í sábà wúlò fún òmíràn, kò sì sí èyí tí èèyàn kàn lè bù mọ́ àpòpọ̀ lórí káńtà.

Kì í sì í ṣe àwa tí a ò kàwé oògùn nìkan ni irú àṣìmọ̀ yìí ti bá. Èyí tó burú jù tí mo mọ̀, ọ̀mọ̀wé ló kọ lù, apá kan ìtàn náà sì ṣẹlẹ̀ ní Yábàá, l'Ékòó.

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni àrùn náà. Carlos Finlay, dókítà ọmọ Kúbà, ti sọ ọ́ láti 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Wọn ò kà á sí, àfìgbà tí ikọ̀ Walter Reed láti Amẹ́ríkà wá fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní Kúbà kan náà ní 1900. Ó wá ku ohun tí ẹ̀fọn náà ń gbé. Hideyo Noguchi, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní New York, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, ní òun ti mọ̀ ọ́n. Ní 1919, ó ní bakitéríà ni, òun ti rí i lára àwọn aláìsàn ní Guayaquil, ní Ecuador. Ó ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára láti kojú bakitéríà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà á. Ta ló fẹ́ bi Noguchi léèrè?

Ní 1925, Àjọ Rockefeller rán àwọn onímọ̀ wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nítorí ibà yìí, wọ́n sì fi Yábàá ṣe ibùdó. Wọ́n wá bakitéríà Noguchi nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn tì. Nígbà tó di ìparí oṣù kẹfà 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, ọmọ ọdún 28, ní Kpeve, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Gánà lónìí. Wọ́n gún ẹ̀jẹ̀ yẹn fún ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà, torí pé ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà kì í tètè ṣàìsàn lọ́wọ́ ibà náà. Ọ̀bọ Íńdíà kú. Asibi yè é. Wọ́n wá sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ aláìsàn nínú asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré débi pé bakitéríà ò lè gba ibẹ̀ kọjá, omi tó sẹ́ jáde sì tún pa ọ̀bọ mìíràn. Ohun tó gba ojú asẹ́ yẹn kọjá kò lè jẹ́ bakitéríà; fáírọ́ọ̀sì ni.

Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí, kó ibà náà. Ó kú l'Ékòó ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 1927.

Noguchi ò gbà. Ó wọ ọkọ̀ òkun wá sí Accra lápá ìparí ọdún yẹn kan náà, pé òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i. Ó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ṣe é lóru. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ pa á níbẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún 1928, kò sì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀ tó fi pa William Young, dókítà tó gbà á láyè nínú yàrá àyẹ̀wò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Noguchi máa ń ká mi lára. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òpùrọ́. Bakitéríà tó rí ní Guayaquil wà lóòótọ́, ó kàn jẹ́ pé àìsàn mìíràn tí òun náà máa ń sọ ojú di pupa rúsúrúsú ló ń fà. Iṣẹ́ bakitéríà ti mọ́ ọn lára, ó sì ti fi í gba iyì nígbà kan rí. Ohun tó lọ wá ló rí. Mo rò pé ohun tó ń ṣe oníbàárà Ampiclox náà nìyẹn: oògùn yìí ti wo egbò rẹ̀ rí, ó ti wo eéwo ọmọ rẹ̀ rí, kí ló dé tí kò ní wo ọ̀fìnkìn?

Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà lára Asibi kò parun. Max Theiler, ọmọ South Africa tó ń ṣiṣẹ́ ní New York, ń gbìn ín láti inú ìṣù ara ọlẹ̀ eku dé ti ọlẹ̀ adìyẹ, léraléra, títí agbára ìpani fi kúrò lára rẹ̀. Ní 1937, ó ti di abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń pè ní 17D. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 1951. Abẹ́rẹ́ yẹn náà ni wọ́n ṣì ń gún fún wa dòní, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì tó èèyàn láyé. Òun ló wà nídìí káàdì yẹ́lò tí wọ́n ń béèrè ní pápákọ̀ òfuurufú, èyí tí àwọn kan nínú wa ń sanwó rà láìgba abẹ́rẹ́ kankan sápá. Wọ́n rò pé òṣìṣẹ́ pápákọ̀ ni wọ́n rẹ́ jẹ. Fáírọ́ọ̀sì kì í ka káàdì. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti rò pé ibà náà ti gbàgbé wa, ó tún yọjú ní Ìfẹ́lódùn, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ó sì tàn ká ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ̀fọn tó ń gbé e, ọ̀sán ló ń jẹni, inú táyà àlòkù àti kòròfo tó gba omi òjò ló sì ń yé sí. Oògùn tó ń wo ibà náà fúnra rẹ̀ kò sí títí di ìsinsìnyí.

Ẹnì kan lè ní, ó dáa, ká ní Ampiclox ò wúlò fún ọ̀fìnkìn, ṣebí owó olówó ni, ta ló pa lára? Èsì ìbéèrè yẹn ti wà nílẹ̀ láti 1945. Alexander Fleming, ẹni tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pẹnisílíìnì ní 1928, ń sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ó pa ìtàn ọkùnrin kan fún wọn. Ọ̀fun ń dun ọkùnrin náà, ó lọ ra pẹnisílíìnì fúnra rẹ̀, ó lo ìwọ̀n tí kò tó pa àwọn kòkòrò náà ṣùgbọ́n tó tó kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ó kó o ran ìyàwó rẹ̀. Òtútù àyà mú ìyàwó, wọ́n fún un ní pẹnisílíìnì, oògùn ò ràn án mọ́, obìnrin náà sì kú. Fleming ní ọkọ rẹ̀ ni kí wọ́n mú.

Ibi tó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn yẹn ni pé ayé ò tíì lo pẹnisílíìnì pẹ́ rárá nígbà tí Fleming pa ìtàn náà. Ọkùnrin yẹn, ó ti dúró níwájú káńtà Àǹtí mi láìmọye ìgbà. Ó ra hóró mẹ́rin, torí pé owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹgbàágbèje bakitéríà ló wà lára èèyàn, nínú ìfun, nínú ọ̀fun, lójú ara, ọ̀pọ̀ wọn ni ò sì ń bá wa jà. Oògùn hóró mẹ́rin á pa àwọn tí kò lágbára, á ṣẹ́ku àwọn tó le. Àwọn kan ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe èròjà tó ń gé pẹnisílíìnì sí wẹ́wẹ́ kó tó kàn wọ́n lára. Wọn kì í sì í fi ọgbọ́n yẹn mọ sọ́dọ̀ ọmọ tiwọn, wọ́n lè fún bakitéríà mìíràn tí kì í ṣe ìdílé wọn. Ọ̀fìnkìn lo tìtorí ẹ̀ ra oògùn. Bakitéríà inú ìfun rẹ, tí kò ṣẹ ọ́, lo wá kọ́ níṣẹ́ ogun.

Ní 2019, mílíọ̀nù kan ó lé 270,000 èèyàn ló kú káàkiri ayé lọ́wọ́ bakitéríà tí oògùn ò ràn mọ́, bí àwọn tó ṣe ìṣirò rẹ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ló ga jù ní ìfiwéra pẹ̀lú iye èèyàn tó ń gbébẹ̀. Mo ti gbọ́ tí dókítà ń sọ fún ẹbí aláìsàn pé abẹ́rẹ́ tí àwọn ń lò tẹ́lẹ̀ ò mú un mọ́, kí wọ́n lọ wá òmíràn, kí wọ́n tún múra owó. Ẹni tó ń sanwó yẹn kọ́ ló po oògùn ọ̀fìnkìn o.

Ibi àyẹ̀wò náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà wo ni ibà mú tí wọn ò tíì sọ fún pé ó ní "màlééríà àti táífọ́ọ̀dù", pé ti màlééríà ti di pọ́lọ́ọ̀sì méjì? Màlééríà kì í ṣe bakitéríà, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì; àfòmọ́ tí ẹ̀fọn ń gbé sínú ẹ̀jẹ̀ ni, oògùn tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Bakitéríà ni ti táífọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò Widal tí wọ́n fi ń sọ pé o ní in, èyí tó ti wà láti 1896, kò rí bakitéríà náà sójú. Ohun tó ń wò ni àmì pé ara rẹ ti bá irú rẹ̀ jà rí. Ó lè jẹ́ ọdún tó lọ lo jà. Ó lè jẹ́ ibà mìíràn tó jọ ọ́ ló tan àyẹ̀wò náà jẹ. Kí wọ́n tó lè mọ̀ dájú, àfi kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò oúnjẹ bakitéríà, kí wọ́n dúró ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n wo ohun tó máa hù, kí wọ́n sì dán oògùn wò lára rẹ̀. Owó rẹ̀ pọ̀, iná ò gbọdọ̀ lọ, aláìsàn ò sì ní sùúrù. Iruka Okeke, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti kọ odindi ìwé kan lé e lórí ní 2011, Divining Without Seeds, láti bẹ̀bẹ̀ pé kí Áfíríkà mú yàrá àyẹ̀wò ní ọ̀kúnkúndùn. Ìwé náà yẹ lójú àwọn tó ń pín owó ìlera ju ojú àwa òǹkàwé lásán lọ.

Bó bá wá jẹ́ pé bakitéríà ni lóòótọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká mú onígbáméjì. Kì í jẹ ẹran ara ẹni. Ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ìfun, tó ń tu oró kan jáde tó ń sọ fún ìfun pé kó máa da omi ara síta. Aláìsàn á máa yàgbẹ́ tó dà bí omi tí a fi fọ ìrẹsì, á máa bì, ojú rẹ̀ á jìn wọnú, bí a bá fa awọ rẹ̀, kò ní tètè padà sí ipò. Wákàtí díẹ̀ tó láti pa géńdé. Oògùn tó ń pa bakitéríà lè mú kí ìgbẹ́ náà tètè dá, àmọ́ gbígbẹ tí ara ń gbẹ ló ń pani, omi ló sì ń gba ẹ̀mí là. Ní 1971, nígbà tí àwọn tó ń sá ogun láti Bangladesh kún àgọ́ Bangaon ní Íńdíà, omi tí wọ́n ń fà sí wọn lára tán lọ́wọ́ Dókítà Dilip Mahalanabis. Ó ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà gúlúkóòsì sínú omi, kí àwọn ẹbí máa fi ife bu ún fún aláìsàn mu. Iye àwọn tó ń kú wá sílẹ̀ láti nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 sí ìdá mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ṣúgà ló ń ṣílẹ̀kùn ìfun fún iyọ̀, iyọ̀ á sì fa omi tẹ̀lé e, kódà nígbà tí oró onígbáméjì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera wa láti 1985 sí 1993, jà fitafita kí àwọn ìyá tó mọ omi oníyọ̀ àti ṣúgà yìí. Síbẹ̀, mo ti rí ìyá tó bínú jáde nílé ìwòsàn nítorí ìyẹn nìkan ni wọ́n fún un. Ó ní iyọ̀ wà nílé òun. Bí èyí tí wọ́n ti pò sínú àpò, tí wọ́n ń pè ní ORS, bá wà, òun ló dára jù. Bí kò bá sí, lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí a gé orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má fi kún iyọ̀ yẹn. Kí aláìsàn máa mu ún lọ lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, kó má ṣe dúró nílé nítorí pé ó ti rí omi mu.

Ọdún 2014 ni mo rí i gbangba pé a mọ bí a ṣe ń ja ìjà yìí, bí a bá fẹ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer wọ bàálù láti Liberia, ó gba Lomé dé Èkó, ó sì ṣubú ní pápákọ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kan ní Ọ́báléńdé. Ó ní ibà lásán ni, wọ́n sì tọ́jú ibà, ara ò yá. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ò fi mọ síbẹ̀. Ó bi í léèrè, ó tún bi í, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún Ebola, àwọn kan sì halẹ̀ mọ́ ọn pé kó fi ọkùnrin náà sílẹ̀ kó máa lọ sí ìpàdé ní Calabar. Kò fi í sílẹ̀. Adadevoh fúnra rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ.

Ní àárín ọjọ́ méjèèjì yẹn ni ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù pé kí gbogbo ayé fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lóru, ohùn wọn ń gbọ̀n: "Dìde, dìde, lọ gbé omi kaná." Mo bi wọ́n pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní gbogbo èèyàn ló ti mọ̀. Àwọn kan mu omi iyọ̀ náà. Orógbó gbówó lórí lọ́jà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo ìgbóná ara ẹnikẹ́ni tó ti fara kan aláìsàn. Àwọn tí wọ́n tọ ipasẹ̀ wọn lé ní 890, ìgbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn sì tó 18,500. Kò sí oògùn Ebola tí a fọwọ́ sí nígbà náà, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bébà ìbéèrè, ọṣẹ, omi kùlóríìnì àti yàrá ìyàsọ́tọ̀ ni wọ́n ní. Ọ̀rá ló bo fáírọ́ọ̀sì yẹn lára, ọṣẹ sì mọ bó ṣe ń tú ọ̀rá. Ogún èèyàn ló kó o ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Garawa omi àti ọṣẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà báńkì, ilé ìjọsìn àti iléèwé nígbà yẹn, wọ́n ti kó wọn kúrò kí ọdún tó yí po. Wọ́n tún kó wọn jáde ní 2020 nítorí kòrónà, wọ́n sì tún ti kó wọn wọlé. Mi ò mọ irú ẹ̀tanú tí a ní sí ọṣẹ. Bóyá torí pé kò korò ni, torí pé kì í ṣe ohun tí a gbé mì, tí kò sì sí ẹni tó máa ní ọṣẹ ló wo òun sàn, nítorí pé àìsàn ò tiẹ̀ wá rárá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń jẹ irú ìyà kan náà. Ìyá tó tò sórí ìlà láti ra Ampiclox olówó iyebíye fún ọ̀fìnkìn ń sọ pé òun ò ráyè lọ gba abẹ́rẹ́ tí wọn kì í gbowó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èèyi tí abẹ́rẹ́ yẹn ń dènà, fáírọ́ọ̀sì ni, kò sì sí hóró oògùn kan ní gbogbo káńtà Ìbàdàn tó lè pa á bó bá ti wọlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọwọ́, ẹ wá káàdì àjẹsára rẹ̀ jáde lónìí. Tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gún ti èèyi àti ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ fún un. Ti èèyi ẹlẹ́ẹ̀kejì, èyí tí ọ̀pọ̀ ìyá máa ń gbàgbé, di oṣù 15. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó súnmọ́ yín ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ọ̀fẹ́ ni.